Ike Ọ̀dà Tí Màmá Ò Fẹ́ Dá Lu

Orúnkún ló lé Naomi Akínwálé kúrò lóko ní Èrìjìyàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ayọ̀bọ́lá, tó ń ṣe tíṣà ní Ìjerò, lọ gbé e wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ilé náà dára, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá. Màmá wò ó títí. Ó ní ibi tí òun yóò ti máa fowó ra ẹ̀fọ́, òun ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ayọ̀bọ́lá wá ike ọ̀dà ńlá méjì, ó bu erùpẹ̀ dúdú sílé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀. Ewúro."

"Èmi tí mo ń kọbè iṣu? Ohun tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná lo ní kí n máa gbìn?"

"Iṣu ò lè ta nínú ike, Màmá. Ẹ ṣáà dá ìdí rẹ̀ lu kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan sí i."

Màmá gbin tẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá ike lu. Ike tó dára tó báyìí, tó ń gbomi dúró! Lójú tirẹ̀, ike tó bá ti ń jò ti kú.

Òjò rọ̀. Tẹ̀tẹ̀ pọ́n, ó rà. Màmá fóònù àbúrò rẹ̀, Gbọ́láhàn: "Wá gbé mi lọ ulé. Ibí ò gbà mí." Gbọ́láhàn ní ó di ìgbà tí wọ́n bá tún ọkọ̀ òun ṣe.

Hàbíbàt, aránṣọ ará Ìwó tí wọ́n jọ ń gbélé, ló tẹ ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi dà jáde, ó ń rùn.

"Áà, Màmá! Ṣé ẹja lẹ gbìn ni?"

Màmá fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ki ìṣó bọ iná, ó dá ìdí ike méjèèjì lu, ó ń pòṣé sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ó tún tẹ̀tẹ̀ gbìn, ó ki igi ewúro bọ èkejì.

Nígbà tí Gbọ́láhàn dé, ìdí tẹ̀tẹ̀ ló ti bá Màmá, ó ń rẹ́ ẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ti dé o."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pẹ̀ka ni. Bí mo bá lọ, Ayọ̀bọ́lá á gbàgbé omi, Hàbíbàt á fà á tu tegbòtegbò."

"Ẹ̀fọ́ ló dá yín dúró?"

"Jókòó, jẹun. Àwọn tó ń kun ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́dà, bá mi tọrọ ike lọ́wọ́ wọn."