Ìbò Ọgbọ̀n Nínú Fóònù Ìyá Ìtùnú

Bí ẹ bá fẹ́ ra àdá tó mú ní àdúgbò wa ní Oǹdó, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìtùnú ni. Bí ẹ bá fẹ́ jiyàn òṣèlú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù, òun ló sì ń pe gbogbo èèyàn sípàdé. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí tirẹ̀. Ariwo rẹ̀ ni mo fi ń jẹun ọ̀sán.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní ká forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ọgbọ̀n àgbẹ̀ kòkó tí kò ní fóònù fi nọ́ńbà Ìyá Ìtùnú sílẹ̀. Ta ni wọn ì bá tún fi sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó ro ẹ̀yìn ọ̀la.

Àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, pé orí fóònù la ó ti yan ẹni tó máa díje fún kánsẹ́lọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ńbà àṣírí tí kálukú máa fi dìbò wọlé sórí fóònù Ìyá Ìtùnú, ọgbọ̀n gbáko! Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìbò máa parí.

Gbémiga, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń díje, sáré dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ gbogbo rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ńkọ́? Èmi kì í ṣe èèyàn?"

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gun ọ̀kadà. Ilé dé ilé, oko dé oko, ó ń na fóònù sí wọn, ó ń kọ̀yìn sí wọn kí wọ́n fi tẹ àwòrán ẹni tó wù wọ́n. Ó fi ilé ẹbí tiwọn ṣe ìkẹyìn, níbi tí ìyá tó bí i, ìyá àgbà Gbémiga, àti àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin mìíràn wà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ti ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ ló wà tí aago mẹ́rin fi lù.

Ìbò mẹ́rin ni wọ́n fi na Gbémiga. Márùn-ún ló ṣẹ́ kù sínú fóònù.

Inú bí mi! Mo sọ fún Ìyá Ìtùnú lójú ẹ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ló hù. Ìyá Ìtùnú sunkún, kò ta ọjà lọ́jọ́ kejì. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Gbémiga ò fi kí i, ọmọ tó fẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ká tún orúkọ kọ, kí ẹni tí kò ní fóònù fi nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tún fi ti Ìyá Ìtùnú sílẹ̀. Gbémiga ló mú ìyá àgbà wá. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ bi Gbémiga bóyá nọ́ńbà Gbémiga fúnra rẹ̀ ni kóun kọ. Ó mirí, ó ka ti Ìyá Ìtùnú jáde látorí, kò wo ìwé.