Ọjọ́ Tí A Mu Omi Kajú Mọ́ Mílíìkì ní Savalou

Ìwọ tó ń ka èyí, sọ òótọ́ fún mi: èèyàn mélòó lo ní tó lè tìtorí tìẹ mu ohun tó gbà pé ikú ni? Má tíì dáhùn. Èmi náà rò pé n kò ní ẹyọ kan.

Tí o bá gba Bantè, ìlú wa, kọjá nígbà kajú, òórùn ló máa kọ́kọ́ kí ẹ. Àwọn àgbẹ̀ á yọ kóró lọ tà, wọ́n á fi èso sílẹ̀ lábẹ́ igi, á máa rà, á máa ta sánsán bí ọtí, eṣinṣin á máa ṣèpàdé lórí ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti jáde ilé ìwé, bàákì, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ ni kò sí. Mo bá ní mo máa fún omi inú èso yẹn, màá sè é, màá rọ ọ́ sínú ìgò. Mo kọ "Dírẹ́kítọ̀" sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná ìyá mi. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ mi: ọwọ́ mi ọ̀tún, ọwọ́ mi òsì, àti ìyá mi, tó máa ń lé mi jáde tó bá fẹ́ se ọbẹ̀.

Kí n má purọ́, èmi nìkan kọ́. Baba kan láti Nàìjíríà, tó ń ta bẹntiróòlù létí títì, ló ń bá mi fi ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kó ìgò lọ sí Savalou. Ìyá ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, ló yá mi ní ìkòkò ńlá. Ní Savalou, ìyá kan fún mi láàyè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí wá lèmi mú wá? Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Mo fi Faransé tó ń dán kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó dára fún oúnjẹ àárọ̀." Ara páálí ohun mímu kan ni mo ti rí i, ó sì wù mí.

Ṣé o rí òmùgọ̀? Kí là ń jẹ láàárọ̀? Ògì. Kí là ń dà sí i? Mílíìkì. Kò sì sí ọmọ Bantè tí wọn ò kìlọ̀ fún láti kékeré pé ẹni tó bá mu mílíìkì pọ̀ mọ́ kajú, kó yáa dágbére fáráyé. Èmi fúnra mi gbà á gbọ́!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ṣọ́ọ̀bù pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọmọ mi, máa bọ̀. Awakọ̀ kan mu ògì tó ní mílíìkì, ó mu omi kajú rẹ lé e. Ó ti ń bì. Gbogbo èèyàn ti pé lé mi lórí."

Kíá, mo ti di àpò: ṣòkòtò kan, ìwé bàákì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Apànìyàn tí eyín rẹ̀ mọ́. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá baba oníbẹntiróòlù, mo ní kó gbé mi sá lọ sí Nàìjíríà.

"Nàìjíríà wo?" ló ní. "Èyí témi fúnra mi sá kúrò níbẹ̀? Dírẹ́kítọ̀, wọnú ọkọ̀. Savalou là ń lọ."

A gbé ìyá ìjọ lọ́nà, ó ń ti ibi àdúrà bọ̀ nínú aṣọ funfun. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Gbogbo ọlọ́kadà tó bá ń bọ̀ níwájú wa, mo rò pé ìròyìn òkú ló gbé.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, epo pupa ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ti rọ epo pupa ife méjì sí i lẹ́nu, wọ́n ní òun ló ń pa májèlé. Ta ni wọ́n máa rọ ife epo méjì sí lẹ́nu tí kò ní bì? Nọ́ọ̀sì kan ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní epo ló ń dà á láàmú, kì í ṣe kajú. Ta ló ń gbọ́ ti nọ́ọ̀sì? Èdè Mahi ni wọ́n ń sọ, díẹ̀ ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka tí wọ́n nà sí mi, mo gbọ́ tirẹ̀ dáadáa.

Ọkùnrin kan bu mílíìkì sí ife dé ìdajì, ó fi omi kajú mi kún un. "Tí kì í bá ṣe májèlé, mu ún."

Mo gbé e. Díẹ̀ dà sí bàtà mi. Mo wo bàtà náà bóyá ó máa kú. Mo kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé o, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ìyá mi ló ń dún létí mi. Mo kàn di ife náà mú.

Baba oníbẹntiróòlù gba ife lọ́wọ́ mi. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń gbọ̀n; òun náà gbà á gbọ́. Ó mu, ó nà án sí ìyá ìjọ. Ìyá ìjọ dijú, ó sọ nǹkan kan fún Ọlọ́run, ó mu. Ìyá ṣọ́ọ̀bù jáde sí wa, ó ní, "Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi. Àbí ṣọ́ọ̀bù ta ni?" Ìsàlẹ̀ ife ló kù fún dírẹ́kítọ̀. Mo fi omijé mu ún. Ó dùn, mo búra.

Àwa mẹ́rin wá fún ara wa mọ́ awakọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, à ń retí ikú. Òjìji òrùlé rìn títí ó fi dé ẹsẹ̀ wa. Ìyá ìjọ ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tó yá, awakọ̀ nu epo lẹ́nu, ó ní ebi ń pa òun. Làwọn èrò bá ń tú ká, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Mo ti tún ìwé ara ìgò kọ. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo fi dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, mo máa ń dárúkọ ìkòkò àti ìgò. Irọ́ ni. Àwọn mẹ́ta tí ẹ̀rù ń bà bíi tèmi, tí wọ́n sì mu ún, àwọn ni. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Tí fóònù bá dún láti Savalou láàárọ̀, àyà mi á já. Ṣùgbọ́n n kì í di àpò mọ́, torí mo mọ̀ pé tí mo bá débẹ̀, èmi nìkan kọ́ ni màá—

"Dírẹ́kítọ̀! Ọkọ̀ ń lọ o! Ìgò dà?"

Mò ń bọ̀, Baba!