Ìbéèrè Tí Kọ̀ǹpútà Ń Bi Mí

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wa ní Ìbarà, èmi taípíìsì ni ọ̀gá ní kí n kọ́ ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni, oyún ló bàjẹ́ lára mi. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi agbè bóyá ó ti sán.

Èyí tó dùn mí jù wá láti ọsibítù. Nọ́ọ̀sì pe ohun tó ṣe mí ní "abortion" lójú ọkọ mi. Lẹ́nu àwọn oníṣègùn, oyún tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu tiwa, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ oyún nìkan là ń sọ ọ́ sí. Ọkọ mi kò bi mí ní nǹkan kan. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá búra fún un. Ó kàn ń kí mi láàárọ̀ bí ẹni ń kí ayálégbé.

Díìsì méjì pẹlẹbẹ ni a ó fi gbé ètò tí a ó máa fi tẹ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà náà. Èkíní wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti èkejì bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó kùn, ó kùn, ló bá kọ ọ́ sójú gíláàsì pé: "Abort, Retry, Ignore?"

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tó ń bi mí ni pé ṣé kí òun pa á tì, ṣé kí òun tún un gbìyànjú, àbí kí òun gbójú fò ó. Èèyàn á mọ̀ bẹ́ẹ̀, á sì tún máa sunkún. Mo tẹ R, kó tún un gbìyànjú. Ó tún bi mí. Mo yọ díìsì, mo nù ún, mo tì í padà, mo paná, mo tanná. Mo tẹ R títí ìka fi ń ro mí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kò mí lójú. Inú bí mi, mo pariwo mọ́ ọn: "Mi ò ṣe é! Èmi kọ́!"

Ọ̀gá sáré jáde. Ó gbé díìsì náà sójú fèrèsé, ó fi ibi tó ti bu funfun hàn mí.

"Ṣé o rí i? Bó ṣe wà nìyí kí wọ́n tó gbé e dé. Ẹ̀bi rẹ kọ́, jàre. Wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́."

Mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá rò pé iṣẹ́ tó lè bọ́ lọ́wọ́ mi ni mò ń bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀ mí pé, "Ó tó, ìyàwó, díìsì lásán ni."

Nírọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ fún ọkọ mi, mo jókòó tì í. Láti Ìbarà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá mi ní ẹ̀bi mi kọ́."

Ó gbójú sókè. Ó ti pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kí ni kì í ṣe ẹ̀bi rẹ?"

Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀, mo bu omi sí ife rẹ̀. Mo ní, "Díìsì ọ́fíìsì ni. Ó bàjẹ́."

Ó ní, "Óò," ó sì bu òkèlè mìíràn.