Ṣọ́bìrì Lábẹ́ Ẹrù Ìyàwó

Mo rántí òórùn bẹntiróòlù àti ti ẹní tuntun tó pa pọ̀ lẹ́yìn lọ́rì tí mò ń wà nígbà náà, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn débi pé bí mo bá fun fèrè ní Bẹẹrẹ, àwọn ará Mápó á ti mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀. Oníṣòwò aṣọ kan ní Bẹyẹrúnkà ló ni ọkọ̀, èmi sì ni dírẹ́bà rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ. Bàtà kan ṣoṣo ni mo ní, ìgbà tí mo bá fẹ́ wakọ̀ nìkan ni mo sì ń wọ̀ ọ́. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń bọ́ ọ sábẹ́ ìjókòó kó má baà gbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la ti ṣe ọ̀dọ́ rí.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń yangàn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹrù tí ìkòkò kan ò fi ní í fọ́ títí dé Ìlọrin. Àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé ohun tí mo máa fi yọ ara mi nínú ẹrẹ̀, ìyẹn ṣọ́bìrì, okùn, pákó méjì, jáàkì àti garawa omi tí ẹ́ńjìnnì máa mu, kì í lọ sísàlẹ̀ ẹrù láéláé. Ẹnu ìdí ọkọ̀ ni kí n máa gbé e sí, níbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o. Mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ náà ni ọmọ ọ̀gá mi, obìnrin, ń lọ sílé ọkọ ní Ọ̀yọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti gun ẹṣin lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó tó lọ, ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní àwọn àlùfáà àti àgbààgbà ẹbí ọkọ máa péjọ lẹ́yìn ìrun alásàárì láti gba ìyàwó. "Tí wọ́n bá kírun tán tí mi ò rí ọkọ̀ mi," ó ní, "má wulẹ̀ wá. Fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tó bá wà, kó o máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé yín." Ẹni tó mọ ọ̀gá mi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Láàárọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Àpótí aṣọ, odó, ọlọ, àwo tánńganran, igbá tí wọ́n fín, ẹní aláràbarà mẹ́fà. Mo ti fẹ́ gbé irinṣẹ́ mi sí ìdí ọkọ̀ bí ìṣe mi nígbà tí ìyá àgbà kan, àbúrò baba ìyàwó tó ń sìn ín lọ, lọgun.

"Dírẹ́bà! Ṣọ́bìrì àti okùn nídìí ẹrù ìyàwó? Ṣé òkú la fẹ́ lọ sin ní Ọ̀yọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Tọ́kọ̀ bá rì ni."

"Kò ní í rì! Gbé e kúrò lójú mi!"

Ó yẹ kí n bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n. Mo ní Ìyá ò fẹ́ rí i ni, wọn ò ní kí n má gbé e dání. Mo bá tẹ́ irinṣẹ́ náà sísàlẹ̀ pátápátá, mo to odó àti ọlọ lé e, mo to àpótí lé ìyẹn, mo wá fi àwọn àwo àti ẹní ṣe ọ̀ṣọ́ lókè. Ó dùn ún wò. Àwọn tó ń lọ sọ́jà ní Ọjà'ba dúró wò ó, mo sì fun fèrè fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta láìnídìí.

A kọjá Mọ́níyà láìsí wàhálà. Odò kékeré kan kó tó di Fìdítì ni táyà ẹ̀yìn wọlẹ̀ sí, nítorí òjò àná ti sọ ojú ọ̀nà di ẹ̀kọ. Bí mo ṣe ń tẹná mọ́ ọn ló ń wọlẹ̀ sí i. Oòrùn ti yẹ̀ lórí. Mo ní ká sọ ẹrù kalẹ̀ kí n lè mú ṣọ́bìrì.

"Ṣọ́bìrì wo?" Ìyá bojú wo ìsàlẹ̀ ẹrù, wọ́n sì wá bojú wò mí. "O gbé e wá náà! Ó dáa. Ẹrù ìyàwó tó ti kúrò nílé baba rẹ̀ kì í kanlẹ̀ títí yóò fi délé ọkọ. Kó o máa wá nǹkan ṣe."

Ọwọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wa ẹrẹ̀, tòun ti bàtà mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní í parọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Mo ti ń rí ara mi pẹ̀lú àpò lórí tí mò ń fẹsẹ̀ rìn kọjá ní Bẹẹrẹ, tí gbogbo àwọn tí mò ń fun fèrè fún sì ń kí mi kú ìrìn.

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó fa ẹní méjì tó rẹwà jù lọ yọ, ó sì tẹ́ wọn sábẹ́ táyà.

"Ọmọ mi, yéè! Ẹrù ìyàwó ò gbọdọ̀ kanlẹ̀!"

"Ìyá wa, ilẹ̀ náà kọ́ la ń tẹ́ ẹní sí ni? Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, ẹ gòkè, ẹ wakọ̀."

Ọkọ̀ jáde. A ṣan ẹní náà lódò, a ká a padà, mo sì sáré débi pé àdúrà lÌyá ń gbà títí a fi wọ Ọ̀yọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń ṣàlùwàlá alásàárì lọ́wọ́ nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ.

Ọ̀gá mi yọ̀, ó dì mọ́ mi. Ìgbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọlé ni ẹní kan tú níwájú àwọn àna rẹ̀. Ó ya láàárín, ipa táyà sì hàn lórí rẹ̀ gbangba.

"Kí ló ba èyí jẹ́?" Ọ̀gá mi béèrè.

"Òjò ni, Bàbá," ni mo dáhùn. Òjò kankan ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní náà. Ọ̀gá mi wo ojú sánmà, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ yẹn kì í parọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i lẹ́sẹ̀ tán ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ ilé ọkọ, tòsì ṣì wà níta. Ó wò mí.

"Òjò ni, Bàbá mi."

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ní kí káfíńtà kan kan àpótí irinṣẹ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ níta, tí kò sí ìyá àgbà tó lè sọ pé kí n gbé e kúrò. Mo wakọ̀ yẹn títí ó fi gbó, mo fi owó iṣẹ́ náà fẹ́yàwó, mo fi kọ́ ilé tí mo jókòó sí yìí. Mo gba Ọ̀yọ́ kọjá láìmọye ìgbà, mò ń yà kí ìyàwó ọjọ́ náà, ó ń fún mi lómi mu, à ń bi ara wa léèrè ọmọ àti ilé. Mo máa ń rò ó pé nígbà míì tí mo bá tún dé, màá sọ ọ́. Ó ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀ báyìí, èmi sì rèé, mi ò tíì dúpẹ́.