Ṣé O Ti Bi Wọ́n Léèrè?

Títí di òní, tí mo bá na ọwọ́ sí aláìsàn, mo máa ń gbọ́ ohùn Mátírọ́ọ̀nù wa lẹ́yìn mi: "Ṣé o ti bi wọ́n léèrè?"

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsọlọ̀ la ti jọ ṣiṣẹ́. Mo ti yunifásítì dé pẹ̀lú tíọ́rì ìtọ́jú aláìsàn lóríṣiríṣi. Mo gba máàkì tó jọjú lórí èyí tó ní nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí aláìsàn lè fúnra rẹ̀ ṣe. Mátírọ́ọ̀nù kò mọ orúkọ tíọ́rì kankan. Wọ́n kàn máa ń gbé abọ́ omi síwájú aláìsàn, wọ́n á ní, "Màmá, ibo lẹ lè fọ̀ lónìí? Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń kánjú, mo rẹ aṣọ sómi, mo bọ́jú fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè díẹ̀, wọ́n sì gbé e padà sílẹ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," wọ́n pè mí bí aláìsàn ṣe ń pè wá, "ojú yẹn nìkan ló kù tí mo lè bọ́ fúnra mi."

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin lẹ máa bọ́ ọ lọ́la."

Wọn ò rí ọ̀la.

Mo ṣí fáìlì wọn. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó rẹ aṣọ sómi rárá: "Aláìsàn bọ́jú fúnra rẹ̀."