Agbọ̀n Ìgbín Tó Kún Dẹ́nu

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn, kò sí adé, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí oyè tó níyì tó agbọ̀n ìgbín tó kún dẹ́nu. Ọmọ tó bá gbé e bọ̀ láàárọ̀ kùtù lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò máa rìn bí olorì. Yóò gba ìdí ààrò aládùúgbò mẹ́ta kọjá kó tó dé tiwọn, bí ẹni pé ọ̀nà ilé ti dàrú mọ́ ọn lójú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Ilẹ̀ ń ta sánsán, omi ń kán lórí ewé kòkó, ìgbín ń wọ́ jáde lábẹ́ ìtì igi. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló máa ń kó wa lọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òfin wọn ò ju méjì lọ. Bí o bá yí ìtì igi, dá a padà bó ṣe wà, torí ẹni tó ṣílẹ̀kùn onílé gbọ́dọ̀ pa á dé. Bí o bá mú ìgbín, fi àtàǹpàkò tẹ etí ìkarahun rẹ̀. Bó bá rọ̀ bí èékánná ọmọ tuntun, ó ṣì ń dàgbà, fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹni tí mo bá rí i pé ó mọ igbó nínú ẹ̀yin méjèèjì ni mo máa mú dé etí odò lọ́la."

Etí odò! Ìgbín ibẹ̀ tó ìkúùkù àgbàlagbà, a ò sì débẹ̀ rí. Lójú tèmi, agbọ̀n ni wọ́n máa fi mọ ẹni tó mọ igbó. Mo ṣa ńlá, mo ṣa wẹ́wẹ́, mo da wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, mo to ńlá lé e. Agbọ̀n mi kún! Ti ẹ̀gbọ́n mi ò dé ìdajì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ààwẹ̀ lẹ̀ ń gbà ni?"

Ìyá àgbà ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n mi, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọmọ ọwọ́ rèé o! Ẹ̀gbọ́n ẹ ń gbààwẹ̀, ìwọ ń jí ọmọ gbé. Ó yá, dá kálukú padà sílé bàbá ẹ̀."

"Ìyá àgbà, n ò mọ ibi tí mo ti mú wọn mọ́."

"Ṣé o wá rí i pé o ò mọ igbó?"

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí etí odò. Èmi ń bó ẹ̀gẹ́ nílé, mo ń sunkún.

Ayé ti yí o. Lọ́jọ́ Sátidé báyìí, àwọn kan máa ń wọ ṣòkòtò alápò mẹ́wàá wá láti Ìbàdàn pé àwọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó. Wọn á ta ìtì igi nípàá, wọn á ya fọ́tò, wọn á lọ. Ní Ìyànà Ọ̀fà, ìgbín tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Mo máa ń bá gbogbo wọn wí, ẹnu mi kì í rẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n nígbà òjò tó kọjá, àwọn àna ọmọ mi ń bọ̀ wá kí mi, mi ò sì fẹ́ kí abọ́ ọbẹ̀ mi ó rí kórofo lójú wọn. Mo rí ìgbín mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Mo tẹ etí wọn wò, ó rọ̀.

Mo sè wọ́n.