Àárọ̀ Tí Wọ́n Dá Bàbá Àgbà Lóhùn

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni àárọ̀ Jímọ̀ kan tí ilẹ̀kùn télọ̀ ṣí.

Mo lọ lo ìsinmi gbọọrọ lọ́dọ̀ Bàbá àgbà mi ní Soje, ní Minna. Láràárọ̀ la máa ń rìn kiri. A ó kí ìyá tó ń dín àkàrà kósé ní èdè Hausa pé, "Ina kwana", a ó yẹra fún ẹrẹ̀, a ó sì dé iwájú ilé télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin bíi tiwa. Bàbá àgbà á kígbe sí ilẹ̀kùn tó wà ní títì pé, "Ẹ kú àárọ̀ o!" Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Ìyá àgbà ti sọ fún mi pé àwọn méjèèjì ti jà tipẹ́.

"Èmi ti kí i," ni Bàbá àgbà máa ń wí. "Ó kù sọ́wọ́ tirẹ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe kígbe tán, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Télọ̀ yọjú tòun ti téèpù lọ́rùn.

"Ẹ kú àárọ̀, Àlàájì. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká jọ mu kókó."

Mo rò pé wọn á dì mọ́ra. Ṣùgbọ́n Bàbá àgbà fà mí lọ́wọ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú pátápátá.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀nà mìíràn la gbà. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, Bàbá àgbà ní ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn. Títí di òní, kò yé mi, nítorí ọ̀nà tuntun náà jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.